Bí ọ̀rọ̀ èdè àjèjì ṣe ń dúró lọ́kàn

Ọ̀dọ́ Pọbẹ̀ tàbí Sakẹ́tẹ́ tí ó lọ kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Abomey-Calavi ti gbé èdè méjì dání kí ó tó dé ibẹ̀: Yorùbá tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, àti Faransé tí wọ́n fi kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kẹta. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òfin gbólóhùn ni ó ń dá a dúró, bí kò ṣe àìtó ọ̀rọ̀. Bí ó bá sì pàdánù ọdún kan nítorí rẹ̀, owó epo pupa àti àgbàdo tí àwọn òbí rẹ̀ tà ni ó bá a lọ.

Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ni pé wọn a kọ ogójì ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì lápá kan, Faransé lápá kejì. Wọn a sì máa kà á lákàtúnkà ní alẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Ojú á mọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ bo apá kan, ẹnu á wúwo.

Ọ̀mọ̀wé Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi ara rẹ̀ dán ọ̀ràn yìí wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1885. Ó rí i pé láàárín wákàtí díẹ̀ tí a kọ́ nǹkan tán ni ìgbàgbé ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jù; lẹ́yìn náà, ó ń rọra lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó padà sí ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀la, tí ó tún padà sí i ní ọjọ́ kẹta àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, jèrè ju ẹni tí ó pè é ní ìgbà ọgọ́rùn-ún ní alẹ́ kan ṣoṣo. Àgbẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òjò wẹ́wẹ́ àti àgbàrá.

Páálí kékeré tó fún iṣẹ́ náà: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì níwájú, ìtumọ̀ tàbí àwòrán lẹ́yìn. Kí ẹnu kọ́kọ́ dáhùn kí ọwọ́ tó yí páálí padà. Ìyá oníṣòwò tí ń kọ́ kíkà ní kíláàsì alẹ́ ní Pọbẹ̀ lè lo páálí kan náà fún àwọn ọ̀rọ̀ Faransé tí ó wà lára ìwé ìbí ọmọ rẹ̀. Irú ọ̀nà báyìí ni ó yẹ kí olùkọ́ yunifásítì fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún kìíní, kì í ṣe kí ó kàn pín àkójọ ọ̀rọ̀ fún wọn.

Faransé ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ó sì ń dẹkùn fún un. Librairie lédè Faransé ni ibi tí a ti ń ra ìwé. Library lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ibi tí a ti ń yá a kà. Lecture lédè Faransé ni ìwé kíkà. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ dúró sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Gègé pupa ni ó yẹ kí a fi kọ irú wọn.

Yorùbá pàápàá kì í ṣe ẹrù. Ẹni tí ó ti rí bí ẹ̀kọ́, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe jáde láti ara kọ́, kíá ni yóò rí teach nínú teacher àti teaching. Ọ̀rọ̀ kan ni ó kọ́, mẹ́ta ni ó mú lọ sílé.

Èwo ni kí a kọ́kọ́ kọ́? Ní ọdún 1953, Michael West, olùkọ́ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ bí 2000 jáde, àwọn tí ó wúlò jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí a bá kà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bíi mẹ́jọ sábà máa ń jẹ́ ara wọn. Ẹni tí kò tíì ní ìwọ̀nyí kò ní ohun tí ó ń fi orúkọ ẹyẹ òkèèrè ṣe.

Àwọn kan sì ti wà lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Láti Sakẹ́tẹ́, Ìgòlò kò jìnnà, Ìdírókò sì wà ní òdìkejì ẹnubodè. Ẹni tí ó bá ná ọjà níbẹ̀ yóò gbọ́ búrẹ́dì, táyà, bébà, kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn, tí wọ́n wọ aṣọ Yorùbá. Iṣẹ́ tí ó kù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n sílẹ̀ nílé wọn: bread, tyre, paper, cupboard.