Eré orí ìtàgé alájọṣe pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó ní ọ́tísìmù

Eré orí ìtàgé alájọṣe pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó ní ọ́tísìmù jẹ́ irúfẹ́ eré oníṣe tí àwọn tó ní ọ́tísìmù ti ń kópa gẹ́gẹ́ bí òṣèré, olùdá ìtàn tàbí òǹwòran tó ń dá sí eré. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, wọn kì í retí pé kí òǹwòran kọ́kọ́ yí ìṣe rẹ̀ padà kí ó tó lè wọlé. Ìmọ́lẹ̀, ariwo, ìjókòó àti ọ̀nà tí òṣèré ń gbà bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tún tò.

Ọ́tísìmù àti gbọ̀ngán eré

Ọ́tísìmù jẹ́ ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà. Àkọsílẹ̀ tí dókítà Leo Kanner ṣe ní Amẹ́ríkà nípa ọmọdé 11 ní ọdún 1943 wà lára ohun tó sọ ọ́ di mímọ̀. Ó máa ń hàn nínú ọ̀rọ̀ sísọ, nínú ìbáṣepọ̀, àti nínú bí etí, ojú àti awọ ara ṣe ń gba nǹkan. Ariwo tí ẹnì kan kò kà sí lè jẹ́ ìnira gidi fún ẹlòmíràn. Àwọn kan kì í sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn kan máa ń tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ sọ léraléra. Àwọn mìíràn máa ń ju ọwọ́ tàbí kí wọ́n máa mì síwá-sẹ́yìn láti fi ara wọn lọ́kàn balẹ̀. Ní gbọ̀ngán eré lásán, ìwà àìgbọràn ni wọ́n máa ń ka gbogbo èyí sí. Ní Nàìjíríà, àwọn kan ṣì ń pè é ní iṣẹ́ ẹ̀mí àìrí, èyí sì ń mú kí àwọn òbí kan fi ọmọ wọn pamọ́ sílé.

Ní ọdún 2012, Damian Milton, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ ní ọ́tísìmù, sọ pé àìgbọ́ra-ẹni-yé tó wà láàárín àwọn tó ní ọ́tísìmù àti àwọn tí kò ní in ti ọwọ́ ìhà méjèèjì wá. Èrò yìí ṣàlàyé ìdí tí eré alájọṣe fi bọ́gbọ́n mu: òṣèré náà ní ẹ̀kọ́ láti kọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe gbòòrò

Ẹgbẹ́ Oily Cart, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1981, ti ṣe eré fún àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù níbi tí fífọwọ́kàn, òórùn àti omi ti ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní New York ní ọdún 2011, wọ́n ṣe The Lion King lọ́nà tó rọ àwọn tó ní ọ́tísìmù lọ́rùn: wọ́n dín ariwo kù, wọ́n yọ iná tó ń ṣẹ́jú kúrò, wọ́n sì pèsè ibi ìsinmi fún ẹni tó bá fẹ́ jáde. Èyí dára, ṣùgbọ́n òǹwòran ni òǹwòran ṣì jẹ́ níbẹ̀.

Kelly Hunter, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló lọ jìnnà jù. Ó ṣe àgbékalẹ̀ àwọn eré kéékèèké láti inú iṣẹ́ Shakespeare. Àwọn ọmọ àti òṣèré máa ń jókòó yípo, wọ́n á fọwọ́ lu àyà bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n á sì máa kí ara wọn. Nínú The Tempest tó gbé jáde ní ọdún 2014 pẹ̀lú Royal Shakespeare Company àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, Miranda ń kọ́ Caliban bí yóò ṣe pe orúkọ ara rẹ̀. Òṣèré á kọ́kọ́ ṣe é, lẹ́yìn náà ọmọ tó bá wù á bọ́ sí àárín.

Àríyànjiyàn kan kò tíì tán. Ní Yunifásítì Vanderbilt, Blythe Corbett àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo SENSE Theatre láti mọ̀ bóyá eré ń mú ìbáṣepọ̀ àwọn ọmọ sunwọ̀n sí i. Àwọn alátakò ń bèèrè ìdí tí eré fi gbọ́dọ̀ jẹ́ oògùn kí ẹni tó ní ọ́tísìmù tó láǹfààní láti ṣe é.

Ààlọ́, ègbè àti ohùn

Yorùbá ti ní eré alájọṣe tipẹ́. Nígbà tí apààlọ́ bá ké “Ààlọ́ o!”, kò sí ọmọ tí kò mọ ohun tí yóò dáhùn. Ègbè orin ààlọ́ kì í sábà yí padà, ẹnikẹ́ni sì lè dákẹ́ kí ó tún padà wọlé. Ọmọ tó máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ, tí wọ́n ń bá wí nílé ẹ̀kọ́, á bọ́ sí àsìkò rẹ̀ gẹ́lẹ́ níbí.

Ohùn tún ṣe pàtàkì. Ìlù ọkàn tí Hunter gbára lé bá ewì Gẹ̀ẹ́sì mu, nítorí bí wọ́n ṣe ń tẹ sílébù mọ́lẹ̀ ni ewì náà fi ń rìn. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, dùndún sì lè gbé ohùn náà jáde láìsí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ lè fi ìlù tàbí kíkùn lásán gbe ègbè.

Ìwòjú ńkọ́? Ọmọ tí kò wo àgbà lójú kò ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Àmì ọ̀wọ̀ ni. Eré tó bá fi ìwojú-ara-ẹni ṣe òṣùwọ̀n yóò ṣi ọ̀pọ̀ ọmọ kà.

Ní agbègbè Ọ̀jọ́

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní Ọ̀jọ́, ó sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré oníṣe àti orin. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara ní ọdún 2011; ti ìjọba àpapọ̀ di òfin ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò bí wọ́n bá gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ní ọ́tísìmù, jẹnẹrétọ̀ tó ń hó lẹ́yìn fèrèsé lè ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngán pa bí àtẹ̀gùn ṣe ń tì í mọ́ ẹni tí kò lè rìn.

Èdè kò jẹ́ ọ̀kan ní agbègbè yìí: Àwórì, Ègùn, Yorùbá àjùmọ̀lò, Ígbò àti pijin ń pàdé lójoojúmọ́. Ó sàn kí eré di gbólóhùn díẹ̀ mú, ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé ọmọ, kí ó sì fi àwòrán tì í lẹ́yìn. Yàrá ìkàwé kan tó jìnnà sí títì márosẹ̀ Badagry, ní Okokomaiko tàbí Ìbà, lè tó fún ọmọ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Kí àwọn òbí gba àwòrán yàrá náà àti ti àwọn òṣèré ṣáájú ọjọ́ eré, kí ọmọ lè mọ ibi tó ń lọ. Kí ìlù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Bí ìbòjú bá wà, kí òṣèré wọ̀ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ìbòjú eré lásán ni a ń sọ, nítorí a kì í tú eégún. Kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí títí eré yóò fi parí.