Ànjọ̀nú Kò Sí Nínú Ọkọ̀ Yẹn: Òótọ́ àti Irọ́ nípa Háíbíríìdì Tòkunbọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Bàbá Ìbejì, aládùúgbò mi, bọ́ sínú Camry háíbíríìdì rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ kò fọhùn. Iná dáṣíbọọ̀dù ń ṣẹ́jú bí ojú ọmọ tí oorun ń kùn. Wọ́n pe mẹkáníìkì. Kò tíì gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ní, "Dádì, bátìrì ńlá ti kú. Ṣebí mo sọ fún yín nígbà tí ẹ fẹ́ rà á." Iye tó pè tó owó ilé ọdún kan ládùúgbò wa. Ìyá Ìbejì káwọ́ lérí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni rewáyà kan dé. Ó ṣí búùtù, ó tú ike kan lápá ọ̀tún, ó sì fi mítà rẹ̀ kan bátìrì kékeré kan tó fara pẹ́ ti gbogbo ọkọ̀. Bátìrì tó yẹ kó mú ju fólìtì 12 lọ kò mú ju 9 lọ. Bátìrì kékeré yìí ló ń jí kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí kọ̀ǹpútà kò bá jí, kò sẹ́ni tí yóò ránṣẹ́ pe bátìrì ńlá tó wà lẹ́yìn àga. Wọ́n fi wáyà yá iná lára ọkọ̀ mi, READY sì tàn lójú dáṣíbọọ̀dù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá Ìbejì ti ra bátìrì kékeré tuntun. Èyí ńlá tí wọ́n ti fẹ́ gbẹ́ sàréè fún láàárọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní.

N ò bú mẹkáníìkì yẹn. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń sá fún ọkọ̀ yìí. Àfìgbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí a ń ra lítà rẹ̀ ní nǹkan bí 190 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti lé ní 1,000. Bí àwọn tó ń pe háíbíríìdì ní òkú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní olùgbàlà nìyẹn. Oríṣi irọ́ méjì ló wá wà nílẹ̀ báyìí: irọ́ ẹ̀rù àti irọ́ ojúkòkòrò. Ẹ jẹ́ ká tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní: "Ọkọ̀ oníná ni. Bí NEPA bá mú iná lọ, ojú títì lo máa sùn."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú háíbíríìdì tó ń rìn lójú títì wa kò ní ihò kankan tí èèyàn lè ki wáyà iná bọ̀. Epo lẹ ó máa rà sí i. Ẹ́ńjìnnì epo wà níbẹ̀, mọ́tọ̀ iná mànàmáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń wọ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì, tàbí tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, mọ́tọ̀ yẹn á di jẹnẹrétọ̀, á sì máa ṣáàjì bátìrì ńlá pẹ̀lú agbára tí ìbá kàn di ooru lára búrẹ́ẹ̀kì. Bí bátìrì bá lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á dìde fúnra rẹ̀ láti bọ́ ọ. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni Toyota ti ń ta Prius ní Japan lórí ètò yìí. Òótọ́ ni pé irú kan wà tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ kì í fara sin. Bí ẹ bá wo ara ọkọ̀ yíká tí ẹ kò rí i, kò sí ohun tó kan NEPA nínú ọ̀rọ̀ yín.

Wọ́n ní: "Bátìrì ńlá kì í lò ju ọdún márùn-ún lọ."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé oníṣòwò kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ihò sí àpò ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 8 tàbí 100,000 máìlì ni Toyota fi ṣe onígbọ̀wọ́ fún bátìrì yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti orí ọkọ̀ ọdún 2020, wọ́n sọ ọ́ di ọdún 10 tàbí 150,000 máìlì. Bó bá jẹ́ pé ọdún márùn-ún ló ń kú, wọn ì bá ti wọ gbèsè. Lọ́dún 2011, ìwé ìròyìn Consumer Reports mú Prius ọdún 2002 kan tó ti rin ohun tó lé ní 200,000 máìlì, wọ́n sì fi wé èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun tí wọ́n dán wò ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Iye epo tí àwọn méjèèjì jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba.

Síbẹ̀, irọ́ yìí ní bàbá. Ọkọ̀ ọdún 2007 ni Camry háíbíríìdì àkọ́kọ́, bátìrì rẹ̀ sì ti ń lọ sí ogún ọdún. Ẹni tó ra irú rẹ̀ lónìí tí bátìrì kú mọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà á ní oṣù mẹ́fà ló lò. Ẹ̀mí tó ti lò lókè òkun kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Tòkunbọ̀ là ń pè é, a kì í béèrè ohun tó jẹ níbi tó ti ń bọ̀.

Wọ́n ní: "Ihò kékeré ẹ̀yìn yẹn? Éésì àwọn tó jókòó lẹ́yìn ni."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ihò yẹn kì í fẹ́ atẹ́gùn jáde, fífà ló ń fà á wọlé. Imú bátìrì ńlá ni. Nínú Prius, ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀yìn ló wà. Nínú Camry tí gbogbo ayé ń pè ní Muscle, orí pẹpẹ abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn ni, ibi tí a máa ń to tíṣù, fìlà, Bíbélì àti aṣọ ìnura sí. Fáànù kan wà nínú ibẹ̀ tó ń fa atẹ́gùn inú ọkọ̀ gba ara bátìrì kọjá kó má baà gbóná jù, nítorí ooru ni ọ̀tá rẹ̀ àgbà.

Mo tú fáànù tèmi lẹ́yìn ọdún méjì. Eruku ọyẹ́ ti di mọ́ abẹ́ rẹ̀ bí irun àgùntàn. Fọ́nrán irun àtọwọ́dá wé mọ́ ọn bí òwú. Èèpo ẹ̀pà mẹ́ta sì jókòó sáàárín bí ẹni tó sanwó ilé. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti atẹ́gùn fúlúkánáísà ni mo fi fọ̀ ọ́, iṣẹ́ wákàtí kan. Àwa tí à ń kó Ghana-must-go dí ihò yìí láti Ìbàdàn dé Èkó, àwa náà ni à ń sọ pé bátìrì òyìnbó kò láyọ̀lé. Ohun mìíràn tún ni pé atẹ́gùn tí ẹ̀ ń mí nínú ọkọ̀ ni bátìrì náà ń mí. Ẹni tó pa éésì lọ́sàn-án gangan nítorí àtifi epo pamọ́, bátìrì rẹ̀ ló ń sè.

Wọ́n ní: "Sẹ́ẹ̀lì kan ló kú. Pààrọ̀ ẹyọ yẹn, ó ti di tuntun."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn ègé bátìrì yìí to tẹ̀lé ara wọn bí alááárù tó jọ ru òpó kan ṣoṣo. Ègé 28 ló wà nínú Prius ọdún 2004 sí 2009, 34 nínú Camry Muscle, fólìtì 7.2 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀ jù ló ń pinnu ibi tí òpó máa dé. Ẹ yọ ọ̀kan, ẹ fi akọni sípò rẹ̀, ẹni tí àárẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé tirẹ̀ á ṣubú lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ ó sì tún padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á gbé ẹrù ka gbogbo wọn lórí, á wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì fi han yín nínú ìwé. Á tún wo àwọn bàbà pẹlẹbẹ tó so wọ́n pọ̀ bóyá wọ́n ti dípẹtà aláwọ̀ ewé. Nígbà mìíràn, fífọ ìpẹtà yẹn nìkan ló máa tán ìṣòro. Bí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ gbé odindi bátìrì wá fún yín láti ọjà Ládípọ̀, ẹ béèrè ọdún ọkọ̀ tí wọ́n ti tú u. A kì í fi arúgbó pààrọ̀ arúgbó ká máa retí ìgbà èwe.

Wọ́n ní: "Ẹ jẹ́ ká yọ nǹkan iná yẹn, ká sọ ọ́ di ọkọ̀ lásán."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ lásán kankan kò fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nínú Prius àti Camry háíbíríìdì, kò sí sítátà bíi ti ọkọ̀ yòókù, mọ́tọ̀ iná ló ń jí ẹ́ńjìnnì. Kò sí alternator. Iná bátìrì ńlá ló ń yí éésì èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ẹ bá sì fi í sí rìfáàsì, mọ́tọ̀ iná nìkan ló ń tì yín sẹ́yìn, jíà ìpadàsẹ́yìn kankan kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá yọ iná kúrò lára ọkọ̀ yìí ti ṣe ọkọ̀ tí kò lè jí, tí kò sì lè padà sẹ́yìn. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Wọ́n ní: "Bí òjò bá lù ú, iná lè gbé gbogbo ẹbí."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wáyà iná ńlá rẹ̀, èyí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n kí gbogbo ojú lè rí i, kò fara kan irin ọkọ̀ níbì kankan. Kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ ọ: bí iná bá fẹ́ jò sára irin, á kìlọ̀ lójú dáṣíbọọ̀dù. Bí ẹ bá sì ti pa ọkọ̀, iná náà kò ní jáde kọjá inú àpótí bátìrì. Ẹni tí ewu wà fún ni ẹni tó ń tú u láìkọ́ṣẹ́. Fólìtì 244.8 ni bátìrì Camry Muscle, tó ju ti iná ilé yín lọ díẹ̀. Oníṣẹ́ gidi máa ń yọ púlọ́ọ̀gì ààbò, á dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́ kù lè tán, á sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí iná kì í gbà kọjá. Bí ti yín bá ki ọwọ́ òfìfo bọ̀ ọ́, ẹ dá a dúró.

Omi tó yẹ ká bẹ̀rù ni omi àgbàrá tó ti mu ọkọ̀ náà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn ìjì bíi Harvey tó jà ní Texas lọ́dún 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó rì sómi ló ń dé orí gbàǹjo. Ẹ fa bẹ́líìtì àga dé òpin, kí ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN), tó jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wá ìtàn rẹ̀. Bí lọ́fínńdà inú ọkọ̀ bá sì ti pọ̀ jù, ẹ bi dílà pé òórùn wo ló ń bò mọ́lẹ̀.

Wọ́n ní: "Kì í jẹ epo rárá, pàápàá lójú ọ̀nà tó já geere."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé orí ìdàkejì ni wọ́n gbé e sí. Ẹ wo ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣe fún Camry ọdún 2009. Nínú ìlú, èyí tí kì í ṣe háíbíríìdì, tó ní sìlíńdà mẹ́rin, ń rin máìlì 21 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Háíbíríìdì ń rin 33. Lójú ọ̀nà gbọọrọ, 31 ni ti àkọ́kọ́, 34 ni ti háíbíríìdì. Ẹ rí i pé máìlì 12 ló fi yàtọ̀ nínú ìlú, tí kò sì ju 3 lọ lójú ọ̀nà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ta tí à ń ṣépè fún ni ilé rẹ̀: níbi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yòókù ti ń kùn lásán, tirẹ̀ á ti sùn. Ẹni tó ń sáré lọ Ìbàdàn tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ kò ní rí èrè púpọ̀ nínú rẹ̀. Irọ́ ojúkòkòrò nìyí, òun ló sì ń mú kéèyàn ra ọkọ̀ tó dára fún ìrìn àjò tí kò bá a mu.

Wọ́n ní: "Kò nílò ìtọ́jú."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ́ìlì ń gbó nínú rẹ̀ bíi ti èyíkéyìí. Búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀ ń pẹ́ lóòótọ́, nítorí mọ́tọ̀ ń bá a dá ọkọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ó tún ní omi amútutù (coolant) tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún àpótí tó ń pa iná dà, ike kékeré mìíràn ni wọ́n ń bù ú sí, ọ̀pọ̀ ni kò sì ṣí i wò rí. Ẹ má sì gbé e kalẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láìtan án.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ọkọ̀ náà ṣì tutù. Dílà tó ti tan án sílẹ̀ de yín mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi síkáànù tó mọ èdè háíbíríìdì wò ó. Bí P0A80 bá jáde, bátìrì ńlá ni ẹjọ́ náà, kí ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Bí kò bá sì jáde, ẹ wà á fún wákàtí kan, kí ẹ tún síkáànù, torí kóòdù tí wọ́n pa rẹ́ láàárọ̀ lè padà wá lọ́sàn-án.

Bàbá Ìbejì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n háíbíríìdì ládùúgbò báyìí. Mo gbọ́ ọ ní Sátidé tó kọjá tó ń sọ fún àlejò kan pé ọwọ́ rewáyà yẹn ní nǹkan nínú, pé ó kàn fọwọ́ kan ọkọ̀ ni, bátìrì ńlá jí. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, bátìrì kékeré mà ni." Wọ́n wò mí tàánútàánú. "Ẹ̀yin ni ẹ kì í gba nǹkan gbọ́," wọ́n ní, wọ́n sì gbé tíṣù wọn padà sórí ihò yẹn.