Ṣé Àgbà Kò Wúlò Lóko Mọ́?

 

Ẹ wo abúlé yín dáadáa lásìkò ebè kíkọ. Àwọn wo ló wà lóko? Ní ọ̀pọ̀ abúlé ní agbègbè Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà, ẹ óò rí bàbá tó ti lé ní 60 ọdún tó ń kọ ebè. Ẹ óò rí ìyá arúgbó tó ń pa ẹ̀pà, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ńkọ́? Ọ̀kan ń wa zémidjan ní Kùtọnù. Òmíràn ń mọ bíríkì ní Èkó. Òmíràn ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Àjàṣẹ́.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lápapọ̀, ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù. Ó ju ìdajì àwọn ará ìlú lọ tí kò tíì pé 20 ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ń lọ sí ìlú ńlá, àgbà ló ń kù sóko. Ìyẹn ni pé orílẹ̀-èdè wa kún fún ọmọdé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ oko wa wà lọ́wọ́ àgbà.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní Jàpáànù, nígbà tí ìjọba ka àwọn àgbẹ̀ ní ọdún 2020, ọjọ́ orí àwọn tó fi oko ṣe iṣẹ́ gangan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 68 ọdún, tí a bá pín in dọ́gba. Ní gbogbo ayé, àwọn tó ti pé 60 ọdún tó bíi ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù kan ní ọdún 2020. Àwọn onímọ̀ ní yóò ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ ní ọdún 2050. Nítorí pé àgbà ń pọ̀ sí i ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ya ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún wọn, láti ọdún 1990.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ni kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè fẹ̀yìn tì kó máa gba owó lóṣooṣù. Àgbẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá lé àgbà kúrò nídìí iṣẹ́, àfi kí á ṣọ́ra, kí á má baà lé e kúrò nídìí oúnjẹ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí á yẹ ohun tí à ń sọ nípa àgbà wò, kí á mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ àti èyí tí kì í ṣe òtítọ́.

WỌ́N NÍ: «ÀGBÀ KÒ LÁGBÁRA MỌ́, KÓ LỌ JÓKÒÓ»

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Agbára ara ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Ẹni 65 ọdún kò lè kọ ebè bí ẹni 25 ọdún. Kò yẹ kó máa gun ọ̀pẹ. Kò yẹ kó máa ru àpò àgbàdo.

Ṣùgbọ́n agbára kì í lọ tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, iṣan ara rẹ̀ ń rọ kíákíá ju ti ẹni tó ń rìn, tó ń tẹ̀ lé iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n. Ìjókòó gbọnrangandan kì í ṣe ìsinmi, ó ń sọ ara di aláìlera.

Lẹ́yìn náà, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ oko ló ń fẹ́ agbára. Àwọn mìíràn ń fẹ́ ojú àti ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí á mú isu laboko ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni à ń kórè rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, a ó rọra tú ẹ̀gbẹ́ ebè. A ó gé isu náà lábẹ́ orí rẹ̀, láì já gbòǹgbò tó kù. A ó tún fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, orí yẹn yóò ti ta àwọn isu kéékèèké tí a ó fi ṣe èbù. Bí ẹni tó ń gé e bá fi ipá ṣe é, gbòǹgbò já, èbù ọdún tó ń bọ̀ ti ṣòfò nìyẹn. Ta ló mọ iṣẹ́ yìí jù? Ẹni tó ti ń ṣe é láti 40 ọdún ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣíṣa irúgbìn àgbàdo àti ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mímọ èbù tó ti ń rà láti inú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mímọ ibi tí omi máa ń dúró sí nínú oko nígbà òjò ńlá. Àwọn àgbà wa ní, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọ̀rọ̀ oko náà nìyẹn.

WỌ́N NÍ: «ÀGBÀ KÒ LÈ KỌ́ OHUN TUNTUN»

Nínú kíláàsì ìwé wa, a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Ìyá kan á ní orí òun ti le, òun kò lè rántí lẹ́tà mọ́. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ń ṣe. Ó ń na ìwé jìnnà sí ojú rẹ̀. Ó ń sún mọ́ fèrèsé. Kì í ṣe orí rẹ̀ ló le o. Ojú rẹ̀ ni.

Láti nǹkan bíi 40 ọdún, dígí tó wà nínú ẹyinjú gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í le. A ń rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó wà nítòsí ń ṣú bàìbàì. Kì í ṣe àìsàn tó ń fọ́ ojú. Awò ojú, tí àwọn kan ń pè ní lunẹ́ti, ló ń tún un ṣe. Ẹni tó bá wọ awò tó bá ojú rẹ̀ mu, á tún máa ka lẹ́tà kékeré, á sì tún máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Àgbà lè kọ́ ohun tuntun. Ó kàn lè pẹ́ díẹ̀ ju ọmọdé lọ ni. Ó sì máa ń fẹ́ mọ ìdí. Bí ẹ bá sọ fún bàbá kan pé kó gbin àgbàdo ní ìlà, á bi yín pé kí ni èrè rẹ̀. Ẹ má bínú sí i. Ẹ gbin apá kan ní ìlà, ẹ gbin apá kejì bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà ìkórè, ẹ fi agbọ̀n kan náà wọn méjèèjì. Ohun tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ni yóò gbà gbọ́.

WỌ́N NÍ: «OGBÓ NI, KÒ SÍ OÒGÙN RẸ̀»

Ọ̀rọ̀ yìí ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ó ti mú kí ọ̀pọ̀ àgbà fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àìsàn tó ní ìtọ́jú.

Ojú tó ń fọ́. Nígbà mìíràn, dígí inú ẹyinjú máa ń ṣú bí ìkùukùu. Àwọn dókítà ń pè é ní kataráàtì. Òun ló ń fọ́ ojú ènìyàn jù ní gbogbo ayé. Síbẹ̀, dókítà ojú lè ṣe iṣẹ́ abẹ, kó yọ dígí tó ti ṣú, kó fi tuntun sí i. Ẹni náà á tún ríran. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ti ohun funfun náà sí ẹ̀yìn ojú nínú ilé. Ojú náà lè fọ́ pátápátá, kó má sì ní àtúnṣe mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru. Àìsàn yìí kì í pariwo. Ènìyàn lè ní in fún ọdún púpọ̀ kí ara má ro ó. Lọ́jọ́ kan, apá kan ara á kú, ẹnu á wọ́: àrùn rọpárọsẹ̀ ti dé nìyẹn. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ṣe é. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ̀ ṣáájú ni kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ wa. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìtọ́jú ti yẹ. Ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ara ti yá. Oògùn yẹn ló mú kí ara yá.

Ẹ tún dín iyọ̀ kù. Iyọ̀ tí àgbàlagbà kan máa jẹ lójúmọ́ kò yẹ kó ju ṣíbí tíì kékeré kan lọ. Kúbù tí a ń sè sínú ọbẹ̀ náà ní iyọ̀ nínú. Ẹ kà á mọ́ ọn.

Omi. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, òùngbẹ kì í tètè gbẹ ẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ara ṣì ń fẹ́ omi. Nínú oòrùn, orí á máa yí i, á sì ṣubú. Kí àgbà gbé omi mímọ́ dání lọ sóko, kó máa mu díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó dé. Kó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́. Kó sinmi lábẹ́ igi lọ́sàn-án.

Oúnjẹ. Àwọn kan ní ẹ̀kọ nìkan tó fún arúgbó. Kò tó. Iṣan àgbà ń fẹ́ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀pà àti wàrà sóyà. Bí eyín kò bá sí mọ́, kí á lọ̀ wọ́n tàbí kí á sè wọ́n kí wọ́n rọ̀.

WỌ́N NÍ: «ÀWỌN ÀGBÀ NI KÒ JẸ́ KÍ ỌMỌDÉ GBÈRÚ»

Ọ̀rọ̀ yìí ní apá méjì.

Apá àkọ́kọ́ jẹ́ irọ́ tó ń pa ènìyàn lára. Bí ọmọ bá ṣàìsàn tàbí bí ọjà ò bá tà, àwọn kan á nawọ́ sí ìyá arúgbó pé òun ló ń jẹ ayé wọn. Wọ́n á bú u, wọ́n á lé e kúrò nílé. Ibà tó ń pa ọmọ, ẹ̀fọn ló ń gbé e wá. Ọjà tí kò tà ní ìdí tirẹ̀ nínú ọjà. Ẹni tí wọ́n lé lọ náà ló ń tọ́jú ọmọ, tó ń ṣa irúgbìn, tó ń ṣọ́ ilé. Ilé tó lé e ti pàdánù òṣìṣẹ́.

Apá kejì ní òtítọ́ nínú, ó sì yẹ kí àwa àgbà gbọ́ ọ. Nínú ilé mìíràn, bàbá di gbogbo ilẹ̀ àti gbogbo owó mú. Ọmọ ọlọ́dún 25 ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé ìparí, kò sì ní ebè kan tó jẹ́ tirẹ̀. Bó bá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kùtọnù, ṣé ẹ̀bi rẹ̀ nìkan ni? Bí a bá fẹ́ kí ọ̀dọ́ gbé ohun tó wúwo, ó yẹ kí ó mọ ìpín tirẹ̀.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, ẹ mú bébà kan. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, tọmọdé tàgbà. Ní ọ̀nà kejì, ẹ kọ iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe. Ní ọ̀nà kẹta, ẹ kọ iye tí ẹ bá san fún alágbàṣe bí ẹni náà kò bá sí.

Ká ní ìyá àgbà pa agbọ̀n ẹ̀pà 20. Ká ní alágbàṣe ń gba 300 fràn lórí agbọ̀n kan. 20 lọ́nà 300 jẹ́ 6 000 fràn. Owó yìí kò jáde nínú àpò yín, nítorí pé ìyá wà nílé. Ẹ tíì ka ọmọ tó ń tọ́jú bí? Ẹ tíì ka irúgbìn tó ṣà bí? Nígbà tí ẹ bá ta ẹ̀pà, ẹ rántí ìpín rẹ̀. Ẹ fi ra oògùn rẹ̀, ẹ fi ra awò ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún iṣẹ́ pín. Ebè kíkọ, ẹrù rírù àti igi gígùn, kí àwọn ọ̀dọ́ gbà á. Irúgbìn ṣíṣà, èbù gígé àti kíkọ́ ọmọ níṣẹ́, kí àgbà mú un. Ẹ fún àgbà ní ọkọ́ tí ìrùkẹ̀ rẹ̀ gùn, kó má baà tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé ìkórè wálé dípò orí. Bí ẹni tó ti lé ní 40 ọdún bá dé ilé ìwòsàn, kó ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ òun, kí wọ́n sì yẹ ojú òun wò.

Àwọn àgbà ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkété tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń rìn, lè máa fi ọ̀nà ihò han àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ Á JÙMỌ̀ SỌ Ọ́

1. Nínú abúlé yín, ta ló ń ṣa irúgbìn? Ta ló ń kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀?
2. Iṣẹ́ wo ni àwọn àgbà ń ṣe nínú ilé yín tí ẹnikẹ́ni kì í kà?
3. Ìgbà wo ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ bàbá tàbí ìyá yín kẹ́yìn?
4. Kí ni àwọn ọ̀dọ́ abúlé yín ń fẹ́ kí wọ́n tó lè dúró sóko?