Afárá ti wà ní Godomey, kí ló dé tí ọkọ̀ ṣì ń há?

Ẹ̀yin ìyá tó ń kó iṣu àti tòmátì lọ Kútọnu, ìbéèrè yín la gbé wá lónìí. Wọ́n ti kọ́ afárá sí oríta Godomey, kí ló wá dé tí ọkọ̀ ṣì ń há níbẹ̀, tí tòmátì ń rọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi igi wò ó. Ẹ tẹ́ igi gígùn kan sílẹ̀: RNIE 1 nìyẹn, ọ̀nà tó ti Kútọnu lọ Ouidah, tó sì ń lọ Lomé. Ẹ fi igi kejì kàn án láàárín: RNIE 2 nìyẹn, ọ̀nà tiwa, tó ti Ṣábẹ gba Bohicon àti Calavi dé Godomey. Ẹ to ekùrọ́ sórí wọn, ọkọ̀ nìyẹn.

Ọwọ́ ọ̀tún là ń gbà ní Benin, àbí? Ẹni tó ti Kútọnu ń lọ Calavi, ó kàn yà sọ́tùn-ún ni, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ iṣu yín gbọ́dọ̀ yà sósì kó tó dojú kọ Kútọnu. Ó máa dábùú àwọn tó ń lọ Ouidah. Ẹni tó ti Ouidah ń lọ Calavi náà máa dábùú wọn. Ẹ ti ekùrọ́ yín kí ẹ rí i. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń pàdé, bí ọ̀kan bá dúró, gbogbo wọn dúró nìyẹn. Kódà bí wọ́n bá fẹ ọ̀nà náà títí, ojú kan náà ni wọ́n á ṣì pàdé.

Wàyí o, ẹ gbé igi kan sókè kó gba orí èkejì kọjá. Iṣẹ́ afárá nìyẹn: àwọn kan gba òkè, àwọn kan gba ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní bù ú kù.

Àmọ́ ẹ fi ekùrọ́ méjì péré dúró síbi tí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Bó ṣe ń rí nìyẹn bí táksí bá dúró gbé èrò, tí zẹ́míjàn sì tò dè wọ́n. Afárá kò lè tú ìyẹn. Èmi ò ní dá awakọ̀ nìkan lẹ́bi o. Ibi tí èèyàn ti ń pààrọ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ á dúró níbẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí ibi ìdúró ọkọ̀ ti wà nínú àwòrán láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà sọdá náà sì wà níbẹ̀. Torí nígbà tí ọ̀nà bá ń há, ọkọ̀ ń rọra ni. Bó bá ti là, wọ́n á máa sáré, ìyá tó ru ẹrù, tó tún pọn ọmọ, kò lè bá wọn figagbága.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbéra, ẹ bá awakọ̀ yín ṣàdéhùn pé inú gáréèjì ni yóò ti já ẹrù, kì í ṣe ẹsẹ̀ afárá. Ẹ má sì sọdá níbi tí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ rìn síwájú díẹ̀, níbi tí awakọ̀ ti lè rí yín.

Ẹ fi ekùrọ́ náà pamọ́ o. Ní ìjókòó tó ń bọ̀, a ó fi wọ́n wo oríta ẹnu ọjà tiyín.