Bí Ọmọ Bá Ṣubú Tí Orúnkún Rẹ̀ Wú
Ìwé ìlàlóye fún òbí àti alágbàtọ́

Ọmọ já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́, ó fi orúnkún gbálẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún ti wú, kò sì lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nínú ilé ni pé ẹsẹ̀ rọ́ ni, kí ìyá àgbà fi òrí àti omi gbígbóná wọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ́ ọ. Orúnkún tó bá wú láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú, ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí tọmọdé fi yàtọ̀?

Ní ìsàlẹ̀ eegun itan àti ní òkè eegun ojúgun, ibi rírọ̀ kan wà tí eegun ọmọ ti ń gùn sí i. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gígùn tí ẹsẹ̀ ń gùn, àyíká orúnkún ló ti ń wá. Ibi rírọ̀ náà kò lágbára tó àwọn iṣan tó so eegun pọ̀, nítorí náà ìṣubú tí ì bá já iṣan àgbàlagbà lè ṣẹ́ eegun ọmọdé. Nígbà mìíràn, iṣan inú orúnkún á fa ibi tó dì mú lórí eegun ojúgun ya. Ọmọ ọdún 8 sí 14 ló wọ́pọ̀ sí. Ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sáré, tó ń fò, kókó eegun iwájú tó wà nísàlẹ̀ orúnkún ló máa ń ya.

Eegun rírọ̀ tó dà bí tìmùtìmù láàárín eegun méjèèjì náà lè há sí ojú ibi tó ṣẹ́. Bó bá há, eegun kò ní padà sáyè rẹ̀, àfi kí dókítà yọ ọ́. X-ray kì í fi eegun rírọ̀ hàn dáadáa. Bí wọ́n bá ní fọ́tò kò rí nǹkan kan, tí ọmọ kò sì lè gbé ẹsẹ̀ náà sókè ní nínà gbọọrọ, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má tijú.

Ẹ wo ọmọ ìka ẹsẹ̀

Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn orúnkún kọjá, ó sì fara mọ́ eegun. Bí eegun ojúgun bá yẹ̀ sẹ́yìn, ó lè tẹ̀ ẹ́ pa tàbí kó já a. Ẹ fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ méjèèjì: ṣé ọ̀kan tutù ju èkejì lọ? Ṣé ó funfun? Ṣé ọmọ ń mọ̀ ọ́n lára, ṣé ó sì lè mì í? Bí ìdáhùn kan bá kù díẹ̀ káàtó, ilé-ìwòsàn yá, kódà kó jẹ́ ọ̀gànjọ́.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má nà án. Ẹ fi ìrọ̀rí tì í, ẹ fi aṣọ di pátákó mọ́ itan àti ojúgun, kì í ṣe orí orúnkún. Ẹ má fún un lóúnjẹ, nítorí ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ló kàn. Bí eegun bá yọ síta, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ má da nǹkan kan sí i.

Ọ̀rọ̀ teguntegun

A mọ̀ pé àwọn teguntegun níyì láàárín ìlú, a sì mọ̀ pé owó ilé-ìwòsàn ń wọni lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọparun tí wọ́n bá dì pinpin mọ́ ẹsẹ̀ tó ń wú lọ́wọ́ lè dínà ẹ̀jẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi kú, tí gígé á sì di dandan. Orúnkún kọ́ ni ibi tó yẹ kí a fi dánra wò.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi P.O.P. (símẹ́ńtì funfun tó ń di eegun mú) sí i

Ìrora tó ń le sí i láìka oògùn sí, pàápàá bí ẹ bá na ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe àkẹ́jù ọmọ. Ẹ gbé e padà lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n la P.O.P. náà. Ọmọ kékeré kò lè ṣàlàyé. Igbe tí kò dáwọ́ dúró ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Bí wọ́n bá tú P.O.P., orúnkún á gan. Àwọn físíò ló máa kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ká a. Ọmọ lè ti máa gbá bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ kí ibi tí eegun ti ń dàgbà ti kú lápá kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ náà á kúrú tàbí kó wọ́, oṣù púpọ̀ ló sì ń gbà kó tó hàn. Ẹ máa dá a dùbúlẹ̀ gbalaja nílé, ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá kókósẹ̀ wọn dọ́gba. Gbogbo ọjọ́ tí dókítà bá dá, ẹ mú un wá, kí ẹ sì mú X-ray àkọ́kọ́ dání kí wọ́n lè fi wé tuntun.