Àkọsílẹ̀ Oko Kòkó: Iṣẹ́ tí Ó Já Lé Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Léjìká

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ìròyìn kan ti ń tàn ká àwọn abúlé wa pé àwọn Òyìnbó kò ní í ra kòkó wa mọ́ nítorí pé a ń pa igbó. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní ọdún 2023 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan lórí ohun méje: kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, sóyà, igi gẹdú àti màlúù. Òfin náà kò gba ọjà tí ó bá ti orí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ di oko lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá. Ó tún béèrè pé kí a ti gbin ohun náà ní ìbámu pẹ̀lú òfin orílẹ̀-èdè tí ó ti wá. Ìdí rẹ̀ ni pé igbó tí a bá sun a máa fi kún èéfín tí ó ń mú kí ayé gbóná, tí ó sì ń da ìgbà òjò rú.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin yìí síwájú. Ní ìparí ọdún 2025, wọ́n dá ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2026 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti alábọ́ọ́dé, àti ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2027 fún àwọn kéékèèké. Àwọn kan ń sọ pé wọn yóò tún sún un. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ń sọ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹni tí ó ń dá oko tí bàbá rẹ̀ gbìn kò ní ohun tí yóò bẹ̀rù nínú òfin igbó pípa. Bí ó bá hú àwọn igi tí ó ti gbó, tí ó sì fi irúgbìn tuntun rọ́pò wọn lónìí, oko náà ṣì ni. Igi ìbòji tí ó wà láàárín kòkó kò sọ oko di igbó lójú òfin. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ìbẹ̀rù gé igi ìbòji rẹ̀. Ti àwọn tí oko wọn wà nínú igbó ọba ni ó le, irú bí igbó ọba Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí oko bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀, àṣẹ tí àgbẹ̀ fi wà lórí ilẹ̀ náà ni wọn yóò béèrè. Kí ẹgbẹ́ má ṣe bo irú oko bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì lọ bá ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójú tó igbó.

Níbi àdàlú ni ewu tí ó tóbi jù wà. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ra ohun ọ̀gbìn ká ní ọdún 1986, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó lè wọ abúlé ra kòkó láìbéèrè oko tí ó ti wá. Kòkó ogún oko a sì pàdé nínú àká kan. Òfin tuntun yìí kò gba kí a da kòkó tí a mọ orísun rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tí a kò mọ̀. Owó ìtanràn tí ó ga jù fún ilé-iṣẹ́ tí ó bá rú u kò gbọdọ̀ kéré sí 4 nínú 100 owó tí ó ń pa lọ́dún ní Yúróòpù. Ta ni yóò fi irú owó bẹ́ẹ̀ wéwu nítorí àpò díẹ̀? Àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò lè dá kó àká rẹ̀ yọ nínú èyí, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe é.

Ìwé kan ni ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ ṣí. Kí a kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sí i, oko rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún tí a gbìn ín, àti iye àpò tí ó mú wá ní àkókò kọ̀ọ̀kan. Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí éékà mẹ́wàá, kò béèrè ju kí a dúró sí àárín rẹ̀, kí a sì fi fóònù mú nọ́ńbà méjì tí ó ń fi ibẹ̀ hàn. Èyí tí ó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó rìn yí ààlà rẹ̀ po. Kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní eéjì mẹ́fà, ìyẹn ẹyọ mẹ́fà, lẹ́yìn àmì tótó. Bí a bá dúró lórí méjì péré, ó lè jẹ́ oko ẹlòmíràn ni a ń tọ́ka sí. Ní ilẹ̀ kòkó wa, nọ́ńbà kìíní sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6 tàbí 7, èkejì pẹ̀lú 3, 4 tàbí 5. Ẹ ṣọ́ra kí akọ̀wé má gbé èkejì ṣáájú, nítorí pé oko Ìbàdàn yóò bọ́ sínú òkun.

Ẹni tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àdéhùn, kúkurú tilẹ̀ ni, lọ́wọ́ onílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ni yóò béèrè bóyá owó orí ni a fẹ́ fi nọ́ńbà wọ̀nyí gbà, tàbí bóyá wọn yóò gba ilẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, èmi kò sì ní í fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Nọ́ńbà kò sọ ilẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Ohun tí ó kọ mí lóminú ni ọwọ́ tí ìwé náà yóò wà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń ra kòkó ni ó wá wọn oko, tí àkọsílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan, ẹgbẹ́ kò ní lè tà fún ẹlòmíràn láìtún iṣẹ́ náà ṣe. Kí ẹgbẹ́ gba ẹ̀dà tirẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ oko. Kí wọ́n sì dúnàádúrà iye owó pẹ̀lú, nítorí pé òfin náà kò ṣèlérí owó àlékún kankan fún àgbẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìkórè ńlá, ni iṣẹ́ yìí rọrùn jù. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí ó mọ fóònù lò tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọ oko alága, kí àwọn yòókù lè rí i bí a ti ń ṣe é.