Fast Track: Ètò Tó So Ilé Pọ̀ Mọ́ Ilé-Ìwé Nítorí Ọmọ Tó Ń Ṣe Jàgídíjàgan

Fast Track ni ètò ọlọ́dún mẹ́wàá tí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ọmọdé bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1991, láti gba ilé-ìwé ran àwọn ọmọ tó ń ṣe jàgídíjàgan àti òbí wọn lọ́wọ́. Durham, Nashville, Seattle àti ìgbèríko Pennsylvania ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ọmọ tó lé ní 9,000, àwọn onímọ̀ náà sì bi àwọn òbí léèrè ìwà àwọn ọmọ nílé. Ọmọ 891 tí ìjà àti àìgbọràn wọn le jù ni wọ́n mú. Bí ìdajì wọn gba ìrànwọ́, ìdajì yòókù kò gbà á, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra.

Gerald Patterson, onímọ̀ ìhùwàsí ní Oregon, ló ṣàlàyé bí irú ìwà yìí ṣe ń ta gbòǹgbò. Ìyá ní kí ọmọ kó ohun ìṣeré nílẹ̀. Ọmọ fárígá, ó figbe ta. Ó rẹ ìyá, ó fi í sílẹ̀. Ọmọ ti rí i pé igbe gba òun là. Ìyá náà ti rí i pé bí òun bá gbà fún un, ariwo á rọlẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, igbe á tún le sí i, ẹgba á sì wọ̀ ọ́. Ìwà yìí lọmọ ń gbé dé kíláàsì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa sá fún un, tí ìwé á sì sú u.

Nítorí náà, Fast Track kò dá ọmọ nìkan tọ́. Ní kíláàsì, olùkọ́ ń kọ́ gbogbo ọmọ bí wọ́n ṣe lè dárúkọ ohun tó ń bí wọn nínú, kí wọ́n sì parí aáwọ̀ láìjà. Àwọn òbí ń pàdé déédéé. Wọ́n ń san owó díẹ̀ fún ẹni tó bá wá. Àwọn òbí náà kọ́ láti máa yin ọmọ nígbà tó bá ṣe dáadáa, láti pàṣẹ ní ṣókí, àti láti mú un jókòó sápá kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ dípò ẹgba. Òṣìṣẹ́ ètò náà tún ń bẹ̀ wọ́n wò nílé, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ẹni ọdún 25, ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìrànwọ́ ló ní ìṣòro ìwà, ìrònú tàbí oògùn olóró. Ti àwọn yòókù jẹ́ 69. Owó ètò náà tó 58,000 dọ́là lórí ọmọ kan. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ìtọ́jú oògùn olóró kì í ṣe ọ̀fẹ́, wọn kì í sì í dá ìgbà èwe padà fún ẹnikẹ́ni.